Abẹ́rẹ́ Tí A Ti Lò Kì Í Ṣe Ẹrù Ààtàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń gún adìyẹ tàbí màlúù yín lábẹ́rẹ́ ajẹ́sára, àti ẹ̀yin tí ẹ ń gún ínsúlíìnì nílé nítorí ìtọ̀ ṣúgà, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni abẹ́rẹ́ náà ń gbà lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán? Bó bá jẹ́ ààtàn ni, ọmọ tó ń ṣa ike kiri ló máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ bíńtín tó kù nínú ihò abẹ́rẹ́ tí èèyàn lò tó láti kó àrùn mẹ́dọ̀wú ran ẹlòmíràn.

Ẹ wá ike tó le, tó ní ìdérí, irú èyí tí bílíìṣì máa ń wà nínú rẹ̀. Òrá kò tó. Abẹ́rẹ́ á lu ú. Bí ẹ bá ti gún un tán, ẹ jù ú sínú ike lójú ẹsẹ̀, tòun ti sìríńjì. Ẹ má dé ìdérí abẹ́rẹ́ náà padà. Ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń gún ara wọn lọ́wọ́. Bí ike bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e pa, ẹ kọ ABẸ́RẸ́ sí i lára, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ọ̀dọ̀ dókítà ẹran tó bá máa gbà á.

Ẹ má dáná sun ún. Iná ààtàn kì í gbóná tó. Abẹ́rẹ́ á ṣì mú ṣáṣá nínú eérú, ike tó ń jó sì lè tú oró tí wọ́n ń pè ní dioxin sínú èéfín. Oró yìí á bà sórí ilẹ̀, adìyẹ á ṣà á jẹ, á sì bá ẹyin dé inú àwo ọmọ yín. Iná tó péye máa ń ní yàrá méjì: ìdọ̀tí ń jó nínú àkọ́kọ́, èéfín rẹ̀ tún ń jó nínú ìkejì, níbi tí ooru ti ń ju ìwọ̀n Celsius 850 lọ.

Èyí tó wù mí jù ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní autoclave, nítorí kò sun nǹkan kan. Ó dà bí ìkòkò tí wọ́n dé pinpin: omi tó ń hó lórí ààrò kì í ju 100 lọ, ṣùgbọ́n ooru omi tí kò ráyè jáde ń dé 121, bí wọ́n bá sì fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kòkòrò àrùn á kú. Àmọ́ kò wúlò fún òògùn tó ti kọjá ọjọ́. Ẹ kó ìyẹn lọ bá apòògùn. Ẹ má dà á sódò.

Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀, ẹ má fẹnu fà á, kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Òògùn tó ń dènà HIV kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ajẹ́sára ẹran tó ní òróró nínú ló wọ ìka yín, ẹ má dúró rárá, torí ó lè ba ìka náà jẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọgbẹ́ kéré. Ẹ mú ìgò rẹ̀ dání kí dókítà rí i.