Bí ẹ ṣe máa kọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà láti bá ẹbí sọ̀rọ̀ fífúnni ní kíndìnrín

Èdè Yorùbá ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Gẹ̀ẹ́sì ni òṣìṣẹ́ ìlera l'Abẹ́òkúta fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Bó bá wá jókòó síwájú ìyá aláìsàn, "a máa yọ kíndìnrín kan lára àbúrò rẹ̀" ló máa jáde lẹ́nu rẹ̀. Yíyọ yẹn nìkan ni ìyá máa gbọ́, ọkàn rẹ̀ á sì lọ sọ́dọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ. Ẹ fi "fún" mọ́ wọn lẹ́nu: "Ẹnì kan nínú ẹbí lè fún un ní ọ̀kan nínú méjì tirẹ̀."

Èèyàn 12, ọjọ́ 2, ti tó. Ọjọ́ kìíní wà fún ìbéèrè tí wọ́n gbọ́dọ̀ lè dáhùn láìṣíwèé. Kíndìnrín kan tó dá pé tó èèyàn lò. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ fúnni. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn kò ká máa ń dá olùfúnni padà. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ka títa ẹ̀yà ara léèwọ̀. Olùfúnni tó jẹ́ aláàdìrẹ n'Ítòkú á fẹ́ mọ ìgbà tí òun á lè gbé ìkòkò aró: kó yẹra fún ẹrù wúwo fún ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Ọjọ́ kejì ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ pín wọn ní mẹ́ta mẹ́ta: nọ́ọ̀sì, ìyá aláìsàn, àti ẹni tó di aago mú. Nọ́ọ̀sì á ní, "Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Kíndìnrín ọmọ yín ti kọṣẹ́." Kó dákẹ́ síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lè dákẹ́ tó 3; àlàyé á ti máa dà lẹ́nu wọn, ìyá kò sì ní gbọ́ ìkankan. Ẹ tún un ṣe títí á fi mọ́ wọn lára. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè olùfúnni lọ́jọ́ tó sọ ìròyìn yẹn.

Àṣìṣe tó burú jù ni kíkó gbogbo ẹbí jọ, kí wọ́n tó béèrè ta ló máa fúnni. Àbúrò tí ẹ̀gbọ́n àti baálé ń wò lójú kò lè sọ pé òun ò fẹ́. Yàrá ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti rí i, lóun nìkan. Kí nọ́ọ̀sì sọ fún un pé, "Bí o kò bá fẹ́, a máa sọ fún wọn pé o kò yẹ láti fúnni, a ò ní sọ ìdí." Ẹ fi gbólóhùn yẹn dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò kí wọ́n tó padà sí wọ́ọ̀dù.