Ẹ Ṣí Kọ́tìnì: Ìtọ́sọ́nà Ìgbà Òtútù fún Àwọn Ìdílé Yorùbá ní Ìlú Ọba

Ìwé kékeré yìí wà fún àwọn ìdílé Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Ìlú Ọba, pàápàá jù lọ àwọn tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n dé, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tàbí iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìkẹ́rù-sí. Lẹ́yìn ìgbà òtútù tó kọjá ni ẹgbẹ́ wa ní kí a kọ ọ́, nígbà tí ó di pé ojúlé dé ojúlé ni à ń lọ wo àwọn ènìyàn tí wọn kò wá sí ìpàdé mọ́, tí wọn kì í gbé fóònù, tí méjì nínú wọn sì ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. A kò ní sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wù tó nípọn, ìbọ̀wọ́ tàbí ìbọ̀sẹ̀ onírun níhìn-ín. Gbogbo yín ni ẹ ti rà wọ́n, àwọn mìíràn tilẹ̀ rà jù.

Ohun tí a bá nínú àwọn ilé wọ̀nyẹn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè sọ ọ́ kí a tó kan ilẹ̀kùn. Aago 12 ọ̀sán ti lù, kọ́tìnì ṣì bo fèrèsé. Wọ́n ti ká aṣọ ìnura sí ìdí ilẹ̀kùn, wọ́n ti fi téèpù lẹ ihò atẹ́gùn òkè fèrèsé pa, gílóòbù kan ṣoṣo ni ó ń tàn, tẹlifíṣọ̀n sì ń dá sọ̀rọ̀. Bí a bá béèrè ìdí, èsì kan náà ni a máa ń gbọ́: "Òtútù ni, ẹ̀gbọ́n." Bẹ́ẹ̀ ilé náà gbóná, síńgílẹ́ẹ̀tì ni ẹni tó ń dá wa lóhùn wọ̀.

Àṣìṣe tí a tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí nìyẹn. A gbéjà ko òtútù tọkàntọkàn, a sì fi ọwọ́ ara wa lé ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù síta.

Ọyẹ́ ni ó tàn wá jẹ. Nílé, ọyẹ́ a máa la ètè, a máa mú kí ọmọ kékeré sunkún omi ìwẹ̀ ní òwúrọ̀, ṣùgbọ́n kò ju aago 10 lọ kí oòrùn tó gba gbogbo àgbàlá. Ọjọ́ tó kúrú jù lọ nínú ọdún ní Èkó ṣì ń ní ìmọ́lẹ̀ fún ohun tó ju wákàtí 11 àbọ̀ lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, aago 8 òwúrọ̀ á ti lù kí oòrùn tó yọ, aago 4 ìrọ̀lẹ́ kò sì ní tíì lù tí yóò fi wọ̀. Kò pé wákàtí 8. Àwọn tí wọ́n wà ní Aberdeen kò rí tó wákàtí 7. Láti Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, tí a máa ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, títí di Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹta tí a óò tún sún un síwájú, ẹni tí kò bá wá ìmọ́lẹ̀ lọ kò ní rí i, nítorí kò ní wá kan ilẹ̀kùn fún un.

Ní ọdún 1984, Dókítà Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe àpèjúwe ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kan tó máa ń wọlé bí ọjọ́ bá ti ń kúrú, tí ó sì máa ń lọ bí ọjọ́ bá ti ń gùn. Ẹni tó bá mú a máa sùn jù, síbẹ̀ kò ní sinmi; òkèlè, búrẹ́dì àti ohun dídùn ni ẹnu rẹ̀ yóò máa béèrè; inú yóò máa bí i sí ọmọ àti ìyàwó láìnídìí; ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ yóò sú u. Ẹ má pe ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ, ẹ má sì tètè wá ọ̀tá tó wà nídìí rẹ̀ nílé. Ẹni tí ó ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún nínú yàrá tí a kò ṣí kọ́tìnì rẹ̀, kí ó jọ̀ọ́ máa rìn gba àdúrà tó kù ní ìta, láàrin ọ̀sán.

Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí ẹ nílò

Kí gbogbo kọ́tìnì ilé wà ní ṣíṣí láti aago 8 òwúrọ̀ títí tí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kí àgbà àti ọmọdé jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́, láàrin aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, láìwo ti ìkùukùu. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ni lux: yàrá tí gílóòbù ń tàn sí lálẹ́ sábà máa ń ní nǹkan bí 100 sí 300, ṣùgbọ́n ìta, ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run dúdú tí ẹ ń bú u, máa ń ju 1,000 lọ. Àwọn kan máa ń ra àpótí ìmọ́lẹ̀. Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 10,000 lux sí lára, ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní òwúrọ̀, ní ìwọ̀n jíjìnnà tí wọ́n kọ sí ìwé inú páálí rẹ̀, ẹ má sì tẹjú mọ́ ọn. Kí ẹni tí ojú ń dùn, tàbí tí ó ń lo oògùn fún àìsàn ọpọlọ, kọ́kọ́ bi dókítà. Kò bá gbogbo ènìyàn lára mu, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má jẹ gbèsè nítorí rẹ̀ nígbà tí kò tíì gbìyànjú ìta tí a kì í sanwó rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. A bá obìnrin kan tí ó ṣe òru mẹ́rin léra. Aago 7 alẹ́ ló ń kúrò nílé, inú òkùnkùn. Aago 8 kọjá ogójì ìṣẹ́jú ló ń wọlé, tí ó sì ń bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì lójú ẹsẹ̀. Aago 4 àbọ̀ ló ń jí, ilẹ̀ á sì ti tún ṣú. Ó fi ìka ka ọjọ́ fún wa, ó sì ní láti Monday ni òun kò tíì rí òjìji ara òun. Ohun tí a ní kí ó ṣe nìyí, kí ẹ̀yin náà ṣe é. Ẹ sùn ní aago 9 òwúrọ̀, kí aago ìdágìrì sì dún ní aago 1 àbọ̀ ọ̀sán. Kí fóònù tí yóò dún wà ní ìdí ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ kò ti lè tó o láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kí ó tó di aago 2 ààbọ̀, kí ẹ ti wà ní ìta. Ẹ lè lọ mú ọmọ nílé ìwé, ẹ lè lọ ra ata, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni kí ẹ fi rìn. Bí ẹ bá padà dé, ẹ jẹun, kí ẹ sì tún sùn fún wákàtí kan àbọ̀ kí ẹ tó lọ síbi iṣẹ́. Yàrá tí ẹ ń sùn sí nìkan ni kọ́tìnì rẹ̀ lè wà ní bíbò lọ́sàn-án, fún wákàtí tí ẹ fi ń sùn. Kò sí ohun tí ti pálọ̀ ń bò.

Fítámínì D

Láti oṣù Kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta, oòrùn Ìlú Ọba kò lágbára tó láti mú kí awọ ẹnikẹ́ni pèsè fítámínì D, ti funfun àti ti dúdú. Awọ dúdú sì nílò oòrùn púpọ̀ kí ó tó pèsè rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìjọba fi gba àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti Áfíríkà nímọ̀ràn pé kí wọ́n ro ti lílo kóró rẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Jíjókòó sí ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé kò lè rọ́pò rẹ̀. Máíkírógíráàmù 10 ni ti ojoojúmọ́, èyí tí wọ́n máa ń kọ sára ìgò mìíràn bí 400 IU. Ẹ ka ara ìgò. Bàbá kan gbé ìgò tirẹ̀ wá fún wa pẹ̀lú ayọ̀: 10,000 IU, kóró kan lójúmọ́, "nítorí pé èyí lágbára." Àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá 4,000 IU lójúmọ́ àyàfi bí dókítà bá pa á láṣẹ, ọmọ ọdún 1 sí 10 kò gbọdọ̀ kọjá 2,000, àpọ̀jù rẹ̀ a máa kó kálísíọ̀mù jọ sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú gbọ́dọ̀ máa gba ti olómi, máíkírógíráàmù 8.5 sí 10 lójúmọ́. Èyí tó ń mu ju mílílítà 500 mílíìkì tí a ṣe fún ọmọ ọwọ́ (infant formula) lọ lójúmọ́ kò nílò rẹ̀. Ẹ lo tiyín pẹ̀lú oúnjẹ tí epo wà nínú rẹ̀. Ẹja títùs àti ẹyin ní díẹ̀ nínú. Ẹ̀bà kò ní.

Afẹ́fẹ́ àti ooru

Iyàrá tí ẹ ń jókòó sí kò nílò ju ìwọ̀n 18 sí 21 Celsius lọ lórí hítà. Ẹ yọ téèpù yẹn kúrò lójú ihò atẹ́gùn, kí ẹ sì ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú 10 láràárọ̀, nítorí omi tí aṣọ tí ẹ sá sórí hítà ń yọ ni ó ń mú kí ògiri bu, tí ọmọ sì ń fi ikọ́ sùn. Ẹ̀wẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé iná èédú wọ inú ilé, ì báà jẹ́ láti yáná tàbí láti sun súyà. Gáàsì carbon monoxide tó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, a kì í sì í rí i; orí fífọ́, òòyì àti èébì ni yóò kọ́kọ́ dé, oorun ni yóò sì tẹ̀ lé e. Ẹ ra ẹ̀rọ tí ń dún bí ó bá wà nínú ilé. Bí ó bá dún, ẹ jáde ná, kí ẹ tó pe 999.

Ẹgbẹ́ wa náà jẹ̀bi. Ọdún mẹ́ta ni a fi ń pe ìpàdé ìgbà òtútù ní aago 7 alẹ́, tí a sì ń bínú sí àwọn tí kò wá. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ bá GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò tí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tiwọn ni, wọn kò ní sọ fún ọ̀gá yín níbi iṣẹ́. Bí ọkàn ẹnikẹ́ni bá ń sọ ọ̀rọ̀ ikú fún un, kí ó pe 111 kí ó sì tẹ 2 ní England, tàbí kí ó pe àwọn Samaritans, tí wọ́n máa ń tẹ́tí sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ní 116 123, ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń gbé e. Bí ewu bá wà lójú ẹsẹ̀, 999 ni.

Láti oṣù Kọkànlá, Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé, aago 12 ọ̀sán, ní pápá ìta. Ẹ wọ àwọn ẹ̀wù tí ẹ rà yẹn wá.