Ẹ jẹ́ kí omi tòrò kí ẹ tó sè é
Ẹ̀yin ará, bí omíyalé bá ti wọ kànga yín, ẹ má gbé omi rẹ̀ kaná lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ kó tòrò, ẹ rọra da èyí tó tòrò lókè sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ sè é. Bó bá ti ń hó yaya, ẹ jẹ́ kó lo odindi ìṣẹ́jú 1, kí ẹ sì bò ó títí yóò fi tutù. Álọ́ọ̀mù kì í pa kòkòrò kọ́lẹ́rà o! Ẹrẹ̀ ló ń fà wálẹ̀, iná ló ń pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá ń rùn bí epo bẹntiróòlù tàbí kẹ́míkà, ẹ má mu ún rárá. Sísè kò lè yọ ìyẹn kúrò.