Bí Mo Ṣe Kọ Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ fún Áàpù Eré Ìdárayá Kan ní Ìlọrin

Áàpù náà ti wà lórí fóònù àwọn èèyàn kí wọ́n tó pè mí sí i. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Tankẹ ló ṣe é, àbúrò mi kan sì wà nínú wọn. Wọ́n sọ eré ìdárayá di ayò ni: lóṣòó kí o dìde, o gba pọ́ìntì, ṣe é lónìí, ṣe é lọ́la, streak rẹ, ìyẹn iye ọjọ́ tí o fi tẹ̀léra, ń gùn, pọ́ìntì pọ̀ tó, o bọ́ sí ipele tó kàn, orúkọ rẹ á sì máa gòkè lórí leaderboard, ìtò orúkọ àwọn tó ń ṣíwájú, lójú gbogbo ayé. Gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ kò sí ibì kan tí wọ́n ti sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́, àwọn tó ń bá wọn dán an wò sì ti ń fa wàhálà lórí WhatsApp, pé ta ló rẹ́ ta jẹ.

Ni àbúrò mi bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá wa kọ ìtumọ̀ wọn sójú ìwé kan, kí ariwo yìí lè rọlẹ̀."

Ojú ìwé kan! Àwọn ọmọ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà a máa rò pé ọ̀rọ̀ kíkọ kò gba nǹkan kan.

Orí fóònù gan-an ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí gbogbo ibi tó ṣeé ṣí nínú áàpù náà, mo sì ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá lè fúnni ní pọ́ìntì tàbí gbà á lọ́wọ́ ẹni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó le ni mò ń wá. "Ọjọ́" kò le, "ìgbésẹ̀" kò le, "ìsinmi" náà kò le, àmọ́ àwọn gan-an ni wọ́n ń tìtorí wọn jà. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn mẹ́rin: kí ni a ó kà, kí ni a kò ní í kà, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló parí. Ìtumọ̀ inú ayò, òfin ni. Èyí tí kò bá lè dájọ́ láàárín èèyàn méjì, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Mo sì fi "ẹ" kọ gbogbo wọn, torí fóònù ọmọ àná kò gbọdọ̀ máa bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Rep ni mo fi ṣáájú, torí orí rẹ̀ ni ohun gbogbo dúró lé. Rep ni ìgbà kan tí èèyàn ṣe ìdárayá kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Sẹ́ẹ̀tì ni iye rep tó ṣe tẹ̀léra kó tó sinmi. Ìyẹn rọrùn. Ibi tó ti ṣòro ni ká mọ ibi tí òpin wà. Fún lóṣòó, ohun tí mo kọ nìyí: "Ẹ dúró ṣánṣán, ẹ lọ sílẹ̀ títí itan yín á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ gbọọrọ, tàbí dé ibi tí orúnkún yín bá gbà yín láyè, kí ẹ tún dìde ṣánṣán. Bí ẹ kò bá dìde tán, a kò ní í kà á." Àwọn ọmọ náà kò fẹ́ ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo èèyàn dé ibì kan náà. Mo ní ṣé ẹni ọdún 65 ni yóò lóṣòó bí ọmọ ọdún 20? A wá fẹnu kò pé ibi tí kálukú bá lè dé lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni áàpù á fi ṣe òṣùwọ̀n tirẹ̀.

Alhaja kan wà nínú ọgbà tí mò ń gbé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá wa dán ìtumọ̀ yẹn wò. Kámẹ́rà ló ń ka rep: ó ń wá ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ nínú àwòrán, ó sì ń wo bí orúnkún ṣe ń ká tó ń nà. Alhaja wọ jálábíà, híjáàbù gígùn sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo gbé fóònù ti ìgò omi lórí àga. Wọ́n lóṣòó, wọ́n dìde. Wọ́n tún lóṣòó, wọ́n dìde. Òdo ṣì ni ojú fóònù ń fi hàn. Kámẹ́rà kò rí orúnkún kankan lábẹ́ aṣọ. Alhaja bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo fóònù náà tìka-tẹ̀gbin, wọ́n ní, "Ṣé kí n wá ká aṣọ sókè fún un ni?"

Bí a bá gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Ìlọrin, ìdajì àwọn obìnrin ìlú ni kò ní í ní rep kankan títí ayé. Mo fi gbólóhùn kan kún ìtumọ̀ náà: kámẹ́rà lè kà á, ẹni tí kò bá fẹ́ kámẹ́rà lè di fóònù mú mọ́ àyà, kí ẹ̀rọ inú fóònù tó ń mọ̀ bí ó ṣe ń lọ sókè-sódò kà á. Ọ̀nà méjèèjì, pọ́ìntì kan náà.

Wọ́n ní àwọn oníjìbìtì á máa jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á sì máa mi fóònù. Òótọ́ ni, wọ́n á ṣe é. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé wa dé orí leaderboard. Lọ́wọ́ wọn, ẹni tó ní rep jù ló wà lókè, ìyẹn sì ni pé ọmọ tó ń gbé irin ní jíìmù ni yóò máa wà níbẹ̀ láyérayé, ẹni tó bá sì fẹ́ lé e bá, iṣan rẹ̀ á ya. Mo yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà: leaderboard ni ìtò orúkọ láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Àìkú, gẹ́gẹ́ bí ìpín àfojúsùn ara rẹ̀ tí kálukú mú ṣẹ, kò sì ní í kọjá 100 nínú 100. Ẹni tó mi fóònù títí ilẹ̀ fi ṣú kò lè kọjá ibẹ̀. Orúkọ ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i kò sì ní í hàn níbẹ̀ rárá.

Ọ̀rọ̀ "ọjọ́" ló gbà mí lákòókò jù. Ẹni kan ti pariwo pé streak òun já nígbà tí òun kò fo ọjọ́ kankan, wọ́n sì ti ń fi í ṣẹ̀sín. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló jàre. Àkókò UTC, àkókò tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, ni kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìn áàpù náà fi ń ka ọjọ́, àkókò Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ó ṣe ìdárayá ní aago 12:30 òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Lójú kọ̀ǹpútà, aago 11:30 alẹ́ ọjọ́ Ajé ni. Ajé ní méjì, Ìṣẹ́gun kò ní nǹkan kan, streak já.

Àtúnṣe tó yá ni pé kí wọ́n lo àkókò Nàìjíríà. Wọ́n ṣe é, àmọ́ mo ní ẹ dúró, ẹ rántí oṣù ààwẹ̀. Lásìkò yẹn, ẹni tó bá ṣínu, tó lọ kí ìrun alẹ́ tarawih, tó dé, tó sinmi díẹ̀, ìgbà tó máa ráyè lóṣòó lè jẹ́ aago 11 alẹ́ lónìí, kó jẹ́ 12:15 lọ́la. Bí ọjọ́ bá ń yí ní aago 12 òru, ìyà á jẹ ẹ́ láìṣẹ̀. Alhaji kan tó wà níbẹ̀ ní lójú tòun, oòrùn wíwọ̀ ni ọjọ́ tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó jàre nínú ẹ̀sìn, àmọ́ àwọn tó ń dé láti ibi iṣẹ́ ní aago 7 kò ní í gbà. Ohun tí a kọ nígbẹ̀yìn ni pé ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní aago 3 ìdájí, ó sì parí ní aago 3 ìdájí ọjọ́ kejì, ní àkókò Nàìjíríà. Ẹni tó bá dìde jẹ sààrì tó fẹ́ fi na ara díẹ̀ ti bọ́ sínú ọjọ́ tuntun nìyẹn.

Streak wá rọrùn lẹ́yìn ìyẹn: iye ọjọ́ tí ẹ fi tẹ̀léra láìjá. Mo kàn fi kún un pé ọjọ́ méjì tí ẹ bá yàn fún ìsinmi lọ́sẹ̀ kò ní í já a, torí ìgbà tí ara ń sinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe, ayò tó bá sì ń fìyà jẹ ẹni tó sinmi, aburú ló ń kọ́ni. Àìsí dátà kò gbọdọ̀ já a pẹ̀lú. Kí fóònù tọ́jú rẹ̀ títí dátà á fi dé.

Ìbéèrè kan wáyé tí n kò retí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ní ṣé kí áàpù máa ka ìrun, pé ìdìde àti ìforíkanlẹ̀ kò ṣáà yàtọ̀ sí ìdárayá. Kí n tó lanu, Alhaja ti dá a lóhùn: "Ìrun kì í ṣe ayò, ọmọ mi. Ẹni tí mò ń kí i fún ti ń kà á." A kọ ọ́ sínú ìtumọ̀ pé ìjọsìn èyíkéyìí kò sí lára ohun tí a ó kà.

Bí ìdárayá ṣe le tó náà gba àlàyé, torí ó kan pọ́ìntì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 ṣe ìdárayá oníwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́sẹ̀, tàbí 75 sí 150 fún èyí tó le, kó sì ṣe èyí tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ìṣẹ́jú kan líle dúró fún méjì oníwọ̀ntúnwọ̀nsì nìyẹn, nítorí náà pọ́ìntì kan fún ìṣẹ́jú oníwọ̀ntúnwọ̀nsì, méjì fún líle. Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ èyí tó ń ṣe? Àwọn tó ní wọ́ọ̀ṣì tó ń ka ìlù ọkàn lè yọ ọjọ́ orí wọn kúrò nínú 220 láti fojú bu ibi tó lè ga dé. Ẹni ọdún 40, 180 ní ìṣẹ́jú kan ni tirẹ̀; bí ìlù ọkàn bá ṣe ń sún mọ́ ibẹ̀ ni ìdárayá ṣe ń le. Àwọn tí kò ní wọ́ọ̀ṣì ló pọ̀ jù. Fún wọn mo kọ pé: "Bí ẹ bá lè kí èèyàn, kí ẹ bi í léèrè ilé, ọmọ àti iṣẹ́, àmọ́ tí ẹ kò lè kọrin, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni. Bí ẹ bá ní láti mí láàárín 'ẹ kú' àti 'iṣẹ́', ó ti le nìyẹn."

Kálórì, ìyẹn agbára tí ara ń lò, mo kọ "ìfojúbù" sí iwájú rẹ̀ ní gbogbo ibi tó ti jáde. Ìṣirò tí áàpù ń ṣe ni pé kó mú òṣùwọ̀n bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó, kó fi ìwọ̀n ara àti wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀. Rírìn kánmọ́kánmọ́ tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3.5, fún ẹni kílò 70, ní ààbọ̀ wákàtí, máa fún un ní nǹkan bí 120. Kò mọ̀ bóyá ẹni náà gbé omi lórí tàbí ó ń gun òkè Ṣóbì. Ẹni tó bá rí 120 yẹn kó má fi ra búrẹ́dì.

Tabata, irú ìdárayá líle kan, kò gbà mí lákòókò: ìṣẹ́jú-àáyá 20 iṣẹ́, 10 ìsinmi, ìgbà mẹ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin ti pé. Láti inú ìwádìí àwọn ará Japan kan ní 1996 ló ti jáde, kì í ṣe orúkọ gbogbo nǹkan tó bá yára bí àwọn ọmọ náà ṣe ń lò ó.

Ìgbésẹ̀ ni èyí tí ẹsẹ̀ ẹni gbé. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Bí o bá wọ̀ ọ́ láti Post Office lọ sí Tankẹ, tí ọ̀nà sì burú, fóònù inú àpò rẹ lè máa ka gbágungbàgun yẹn bí ìrìn. Áàpù á máa yọ ohun tó bá sáré ju ẹsẹ̀ lọ kúrò. Mo tún yọ ìgbésẹ̀ 10,000 lójúmọ́ tí wọ́n fi ṣe àfojúsùn fún gbogbo èèyàn. Ẹ̀rọ ìkagbésẹ̀ kan tí wọ́n tà ní Japan ní 1965 ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀, orúkọ ọjà ni kó tó di ọ̀rọ̀ dókítà. Kí kálukú bẹ̀rẹ̀ níbi tó wà.

Àmì ẹ̀yẹ àti ipele kò pẹ́: ipele kì í lọ sẹ́yìn, àmì ẹ̀yẹ kì í ṣeé gbà padà. Pọ́ìntì nìkan ló lẹ́jọ́. Gbogbo ọ̀dọ́ tí a fi hàn ló bi wá ní ìbéèrè kan náà, "Báwo la ṣe máa yọ ọ́?" Tẹ́tẹ́ ti bà wọ́n jẹ́. Mo kọ ọ́ kí ó hàn gbangba: pọ́ìntì kì í ṣe owó, kò ṣeé tà, kò ṣeé fi ra káàdì, kò ṣeé fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹni méjì yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù wọn lójú mi.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn kò sí nínú áàpù tẹ́lẹ̀, èmi ni mo fi í kún un, òun nìkan ni mo sì ní kí wọ́n fi pupa kọ: "Dúró. Bí àyà bá ń dùn yín, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí èémí bá há, ẹ tẹ ibí kí ẹ sì jókòó. Streak yín kò ní í já. Pọ́ìntì ọjọ́ náà á pé. Bí kò bá lọ, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn." Àbúrò mi kà á, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ láti gba pọ́ìntì ọ̀fẹ́ o."

Mo ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́.