Ẹ kọ́kọ́ fi ènìyàn dánra wò kí ẹ tó yá ẹṣin
Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò olùkọ́ ẹṣin gígùn ti British Horse Society, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹṣin nílẹ̀ Britain, ẹ má tíì náwó sórí ẹṣin yíyá láti fi dánra wò. Ẹ wọn 20 mítà níbùú àti 40 mítà lóòró lórí pápá, ẹ fi páálí kọ A, K, E, H, C, M, B, F, àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń sàmì sí pápá ìgẹṣin, yí i ká bí aago ṣe ń yí, kí ọ̀rẹ́ mẹ́ta máa rìn bí ẹṣin, kí ẹ sì máa darí wọn. Ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí, bí ohùn yín ṣe máa dé ìkángun, bí ẹ ṣe máa tètè sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dé lẹ́tà tí wọ́n á ti yà: kò sí èyí tó nílò ẹṣin níbẹ̀. Àmọ́ ìdánrawò yìí kò lè kọ́ yín ní àlàfo tó yẹ láàárín ẹṣin méjì, torí ọ̀rẹ́ kì í sábà tani nípàá. Ìyẹn di orí ẹṣin gidi, níṣojú olùkọ́ tó ti gbàwé ẹ̀rí.