Iye Bọ́ọ̀dù Jípúsọ́ọ̀mù Tí Yàrá Kan Ń Fẹ́: Ìtọ́sọ́nà fún Onílé ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Bí ẹ bá fẹ́ fi bọ́ọ̀dù jípúsọ́ọ̀mù, ìyẹn pátákó pẹlẹbẹ tí inú rẹ̀ dà bíi ṣọ́ọ̀kì tí a fi bébà bò, pín pálọ̀ sí méjì kí àwọn ọmọ lè rí ibi sùn, tàbí ẹ fẹ́ fi ṣe àjà, ẹ má fi ìṣirò sílẹ̀ fún káfíńtà nìkan. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe tirẹ̀, kí ẹ̀yin náà ṣe tiyín, kí owó tó kúrò lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ lè dá yín lójú dáadáa. Síbẹ̀, onílé tó mọ iye tí yàrá òun ń fẹ́ ni yóò mọ ìdí tí bọ́ọ̀dù kò fi tó, tàbí ibi tí èyí tó ṣẹ́kù wọlé sí.

Bọ́ọ̀dù tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní fúùtù 4, ó gùn ní fúùtù 8. 4 lọ́nà 8 jẹ́ 32, ìyẹn ni pé ẹyọ kan ń bo fúùtù onígun mẹ́rin 32. Èyí tó nípọn tó mílímítà 9 tó fún àjà. Fún ògiri, ẹ wá mílímítà 12 tàbí 12.5.

Wíwọ̀n

Tépù, pẹ́ńsù àti ìwé kan ti tó. Nínú àwọn agboolé àtijọ́ Ìlọrin, níbi tí ògiri ti jẹ́ alámọ̀, yàrá kì í sábà gún régé: ó lè fẹ̀ nísàlẹ̀, kí ó fún lókè. Ẹ wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, láàárín àti lókè, kí ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Èyí tó gùn jù lọ ni kí ẹ fi ṣírò.

Ògiri tí a fi pín yàrá

Ibí ni owó ti ń sọnù jù. Ẹni tó ń kánjú á wọn ògiri, á ṣírò ojú kan, á sì gba ọjà lọ. Ògiri tí a fi pín yàrá ní ojú méjì, bọ́ọ̀dù sì gbọ́dọ̀ bo méjèèjì.

Ká ní ògiri náà fẹ̀ ní fúùtù 12, ó sì ga ní 10. 12 lọ́nà 10 jẹ́ 120. Ojú méjèèjì jẹ́ 240. Ẹ pín 240 sí ọ̀nà 32, bọ́ọ̀dù méje àtààbọ̀ ló máa jáde.

Ẹ má tíì dúró níbẹ̀. Ẹ ya ògiri náà sórí ìwé. Bọ́ọ̀dù mẹ́ta tí a gbé nàró á kún fúùtù 12, ṣùgbọ́n fúùtù 8 péré ni wọ́n ga, nítorí náà fúùtù 2 ṣì ṣófo lókè láti igun dé igun. Bọ́ọ̀dù kan tí a là sí méjì ní gbọọrọ á fún wa ní tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó fẹ̀ ní fúùtù 2, tí gígùn wọn pa pọ̀ jẹ́ 16. Ojú méjèèjì ń fẹ́ 24, ìyẹn bọ́ọ̀dù kan àtààbọ̀. Ẹ fi kún mẹ́fà tó nàró, ẹ ra mẹ́jọ. Ìṣirò àti àwòrán bára mu. Tí wọn kò bá bára mu, àwòrán ni kí ẹ gbà gbọ́.

Tí ilẹ̀kùn bá wà lára ògiri náà, tó fẹ̀ ní 3, tó ga ní 7, ohun tí a gé kúrò níbẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Àgékù ojú kọ̀ọ̀kan á fún wa ní tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fẹ̀ ní 2, tó gùn ní 7. Méjì jẹ́ 14 nínú 24 tí òkè ń fẹ́, bọ́ọ̀dù kan péré ló sì kù tí a máa là. Méje á ṣe é. Fèrèsé kékeré ní tirẹ̀, èmi kì í yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò rárá. Àgékù rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Àjà

Àjà rọrùn, ojú kan ló ní. Yàrá 10 lọ́nà 10 jẹ́ 100. Bọ́ọ̀dù mẹ́ta, tí a la ọ̀kan nínú wọn sí méjì ní gbọọrọ, jẹ́ 96, á ku 4: igun kan ṣoṣo tó fẹ̀ ní 2, tó gùn ní 2. Torí igun yẹn, mẹ́rin lẹ máa rà.

Lórí ohun gbogbo, bí ẹ bá ń ra mẹ́wàá, ẹ fi ẹyọ kan lé e, nítorí etí bọ́ọ̀dù máa ń fọ́. Ará Ìlọrin lè padà lọ ra ẹyọ kan; ẹni tó ń kọ́lé ní Ìlọ́fà, ní Gúúsù Kwara lọ́hùn-ún, owó ọkọ̀ lè ju owó bọ́ọ̀dù lọ, kí ó kúkú ra méjì lé.

Igi àti súkúrù

Ẹ to igi ìdúró, èyí tí a máa fi súkúrù de bọ́ọ̀dù mọ́, ní fúùtù méjì-méjì, kí etí bọ́ọ̀dù lè bọ́ sórí igi. Ògiri fúùtù 12 ń fẹ́ igi ìdúró méje, pẹ̀lú ọ̀kan tó dùbúlẹ̀ lókè àti ọ̀kan nísàlẹ̀. Ilẹ̀kùn á béèrè méjì sí i. Ẹ fojú bu súkúrù 30 fún bọ́ọ̀dù kan. Ẹ fi oògùn ikán pa igi náà kí ẹ tó bò ó.

Omi

Omi ni ọ̀tá bọ́ọ̀dù yìí. Ẹ dí ibi tí páànù ti ń jò kí òjò tó dé, kí ẹ tó ronú àjà. Fún balùwẹ̀, ẹ béèrè aláwọ̀ ewé tó ń fara da ọ̀rinrin. Ẹ má fi bo ògiri alámọ̀ tó ń tutù, ẹ má sì fi ṣe àká àgbàdo, torí eku á dá a lu.

Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ tẹ́ ẹ sórí igi mẹ́rin, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má sì fara ti ògiri, torí ó máa ń tẹ̀. Ẹyọ kan tó nípọn tó mílímítà 12 wúwo ju kílò 20 lọ. Ẹni méjì ni kí ó gbé e, ní ìdúró. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá yóò gba èyí tó bá ṣẹ́kù padà bí a kò bá tíì gé e.