Bẹ́ ẹ ṣe lè máa kó ọ̀bẹ àpò eléèkù ìwo jọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa kó ọ̀bẹ àpò eléèkù ìwo jọ bíi tèmi, èèkù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe irin. Ìwo gidi, ti màlúù ni o, ti àgbò ni o, ohun tí èèkánná wa fi ṣe náà ló fi ṣe, àwọ̀ ẹ̀ kì í dọ́gba, tẹ́ ẹ bá sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ibi tó mọ́ lára ẹ̀ á jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ yọ díẹ̀. Tó bá ṣì ń ṣe yín ní iyèméjì, ẹ fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án níbi tó pamọ́, ìwo á rùn bí irun tó jóná, rọ́bà ò lè rùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Sheffield, Ìlú Ọba nìyẹn. Solingen, Jámánì, òfin ti ń dáàbò bo orúkọ yẹn láti 1938. Ọ̀bẹ Laguiole ti Faransé sábà máa ń ní oyin kékeré lórí sípíríǹgì, àmọ́ ayédèrú ẹ̀ pọ̀ gan-an.

Ọyẹ́ gan-an ni ọ̀tá. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà n'Íjẹ̀bú-Òde, ojú fèrèsé ni mo gbé e sí, kọ́yẹ́ tó lọ èèkù ti sún kì, ó ti ká kúrò lára irin débi pé èèkánná mi ń wọ àárín wọn, ó dùn mí wọnú eegun. Ẹ máa fi òróró díẹ̀ pa á, ẹ má rì í sómi, ẹ má fi í pamọ́ sínú àpò awọ torí irin á dógùn-ún. Kòkòrò náà máa ń jẹ ìwo o, ẹ ju káńfọ̀ sínú àpótí ẹ̀.